Bí Ọmọ Bá Ní Ká Wá Wọ Ọkọ̀ Òkun Gbáfẹ́: Ohun Tó Yẹ Ká Bèèrè Kí Owó Tó Jáde

  

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lóṣù yìí, ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín pé kí ló kan aláta pẹ̀lú ọkọ̀ ìgbafẹ́ àwọn olówó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí ìgbọ́ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti ní Amẹ́ríkà, bí ìyá wọn bá ti ń sún mọ́ ọdún 60 tàbí 70, gbogbo wọn kọ́ ló ń dáwó aṣọ ẹbí àti màlúù mọ́. Àwọn kan ń sọ pé, "Màámi, ẹ ti ṣe wàhálà tó. Ẹ wá ká jọ wọ ọkọ̀ òkun fún ọjọ́ 7. Ẹ ò ní dáná, ẹ ò ní fọ abọ́." Wọ́n á fi àwòrán ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sórí fóònù, funfun báláú, wọ́n á fi kún un pé ọkọ̀ kékeré ni, ó ti pẹ́ díẹ̀ lórí omi, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá ló ń wọ̀ ọ́. Wọ́n á ní kí ìyá dáhùn kíákíá torí pé owó àsansílẹ̀ fẹ́ lọ.

Owó náà ò kéré. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là lórí ẹnì kan fún alẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà kí ẹ tó pariwo. Bí àwọn ọmọ bá sì ń san án díẹ̀díẹ̀, ìyá míì á ti kó owó àjọ tó fẹ́ fi kó ọjà ọdún lé e lórí, kí ojú má baà ti òun. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí bí a ṣe ń jókòó ti ọjà tuntun, ká yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ká yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó mọ̀wé bá wa wá ọ̀rọ̀ jọ, a sì bi wọ́n léèrè títí ó fi yé wa.

ÈWO NI KÉKERÉ, ÈWO NI ÀGBÀ?

Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òmìrán wọn kí kékeré lè yé wa. Ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Icon of the Seas, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024. Bó bá kún dé ẹnu, ó lè gba èrò tó 7,600, àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ̀ tún lé ní 2,000. Ẹ ò rí i pé odidi ọjà ló léfòó sórí omi! Ẹ tò síbí fún oúnjẹ, ẹ tò sọ́hùn-ún fún omi ìwẹ̀, orin lọ́tùn-ún, orin lósì, ọmọdé ń sáré káàkiri. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀, ó dáa fún un, owó ẹ̀ sì máa ń dín sí ti àwọn kékeré.

Òdìkejì rẹ̀ ni SeaDream I. Ìlú Finland ni wọ́n ti kàn án ní 1984, Sea Goddess I ló ń jẹ́ nígbà náà. Èrò 112 péré ló ń gbà, òṣìṣẹ́ bí 95 ló sì ń tọ́jú wọn. Ó kù díẹ̀ kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ọmọọ̀ṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn Star Pride, Star Breeze àti Star Legend wà nínú ẹgbẹ́ yìí náà, Jámánì ni wọ́n ti kàn wọ́n láàárín 1988 sí 1992. Silver Cloud àti Silver Wind, Itálì ni wọ́n ti wá, 1994 àti 1995. Irú wọn ni àwọn ọmọ ń fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kó jọ nǹkan àjèjì lójú yín jù. Kí bàálù tó gbòde, ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá tó lọ kàwé lókè òkun, ọkọ̀ Elder Dempster ló gbé wọn láti Apapa lọ sí Liverpool. Aureol ni orúkọ èyí tí àwọn àgbà ń rántí jù. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ó ń gba èrò bí 350, ó sì fi ọ̀nà Èkó sílẹ̀ ní 1974. Bí wọ́n ṣe ń fi tọ́ọ̀nù ka ìwọ̀n ọkọ̀, Aureol jẹ́ 14,083, Silver Cloud sì jẹ́ bí 17,000. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ìyẹn ń lọ wá ìwé, ẹ̀yin ń lọ sinmi.

ỌJỌ́ ORÍ ỌKỌ̀

Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ti ra fìríìjì tòkúnbọ̀ rí mọ̀ pé ọdún tí wọ́n ṣe é nìkan kọ́ ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Èyí tó ti lo ọdún 15 lọ́wọ́ ẹni tó mọ nǹkan tọ́jú lè sàn ju èyí ọdún 5 tí wọ́n ti fi ìyà jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ òkun. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni ìgbà tí wọ́n gbé e jáde kúrò lómi kẹ́yìn, àti ohun tí wọ́n pààrọ̀ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àpẹẹrẹ pàtàkì ni ti àwọn Star tí a dárúkọ yẹn. Láàárín 2019 sí 2021, wọ́n gbé wọn lọ sí Palermo ní Itálì, wọ́n gé ọkọ̀ náà sí méjì gbáko láàárín, bí ẹni gé búrẹ́dì. Wọ́n kan ègé tuntun tó gùn tó mítà 25 sí àárín rẹ̀, wọ́n sì fi irin jó o pọ̀. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, wọ́n gbé tuntun sí i. Èrò tó ń gbà tẹ́lẹ̀ jẹ́ 212, ó wá di 312. Bí ọmọ bá wá sọ pé ọkọ̀ 1988 ni, kò parọ́. Bó bá sì ní ọ̀pọ̀ nǹkan inú ẹ̀ jẹ́ tuntun, kò parọ́ náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àtúnṣe ló rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń ra ọjà àlòkù mọ ìyàtọ̀ láàárín kí wọ́n kun nǹkan àti kí wọ́n tún un ṣe. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè kéde pé àwọn ti ná owó ńlá lórí ọkọ̀, kó sì jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, tìmùtìmù àti aṣọ fèrèsé ni gbogbo owó náà bá lọ. Kápẹ́ẹ̀tì dáa, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì kì í dá omi dúró bí páìpù bá bẹ́ lóru. Nítorí náà, ẹ ní kí ọmọ bi wọ́n léèrè èyí tó jẹ́ egungun àti iṣan: ẹ́ńjìnnì, páìpù omi, ẹ̀rọ amúlétutù, balùwẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é, inú ẹ̀ á dùn láti sọ ọ́. Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ ti mọ irú ọjà tó ń tà.

Ti ewu ńkọ́? Ìbéèrè tí gbogbo ìyá kọ́kọ́ ń bi wa nìyí: ṣé ọkọ̀ àgbà kò ní rì? Òfin àgbáyé wà tó de gbogbo ọkọ̀ èrò tó ń rìn láti ìlú dé ìlú. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé àṣẹ ààbò rẹ̀ ṣe. Láàárín ọdún 5, ó kéré tán ìgbà 2 ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e kúrò lómi kí wọ́n yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2010, òfin tún dé pé àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ní pákó tó lè gbiná nínú ara wọn gbọ́dọ̀ yọ ọ́ tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ arúgbó ọkọ̀ ló relé nítorí ìyẹn. Èyí tó kù lórí omi lónìí ti gba ibi ìyọ̀rọ̀ kọjá.

Ẹ tún wo nǹkan méjì tó ṣẹlẹ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá 2007, ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Explorer, tí wọ́n kàn ní 1969, lọ kọlu yìnyín lápá gúúsù ayé níbi òtútù, ó sì rì. Èèyàn 154 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn ló yè. Ní oṣù kìíní 2012, Costa Concordia, tí kò tíì pé ọdún 6 lẹ́nu iṣẹ́, tó gbé èèyàn tó lé ní 4,000, lọ gbá òkúta létí erékùṣù kan ní Itálì nítorí pé ọ̀gá ọkọ̀ fẹ́ fi ṣe fújà. Èèyàn 32 ló kú. A ò fi èyí sọ pé kí ẹ sáré wọ ọkọ̀ àgbà. A fi sọ pé kì í ṣe ọdún ọkọ̀ nìkan ló ń gba èèyàn là. Orí àwọn tó ń wà á àti bí wọ́n ṣe tètè kó èrò jáde wà níbẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ń pe gbogbo èrò láti wá kọ́ bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù agbéniléfòó, kí ìyá má sọ pé ó rẹ òun. Kó lọ.

Ohun kan tó wù wá púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni nọ́ńbà ara rẹ̀. Ọkọ̀ a máa yí orúkọ padà bó bá bọ́ sọ́wọ́ olówó mìíràn, bí SeaDream I ṣe yí orúkọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ digí 7, tí IMO máa ń ṣáájú rẹ̀, tí kì í yí padà títí wọ́n á fi fọ́ ọkọ̀ náà. Tí ọmọ bá ti mọ nọ́ńbà yìí, ó lè wọ ojúlé kan tó ń jẹ́ Equasis lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kó wo ẹni tó ni ọkọ̀ àti bóyá àwọn aláṣẹ èbúté ti dá a dúró rí nítorí àléébù. Ọkọ̀ tó bá sì ń yà ní èbúté Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀ lójijì láti yẹ ilé ìdáná àti omi rẹ̀ wò, wọ́n á fún un ní máàkì lórí 100. Èyí tó bá gba 85 tàbí tó dín sí i ti fìdí rẹmi. Gbogbo ayé ló lè ka máàkì náà. À bá rí irú ẹ̀ fún àwọn búkà kan tí a mọ̀!

OHUN TÍ KÉKERÉ Ń FÚN NI, ÀTI OHUN TÓ Ń GBÀ

Àǹfààní ọkọ̀ kékeré ni pé ó ń wọ ibi tí òmìrán kò lè wọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjọba Itálì ti fòfin dè é pé ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju 25,000 lọ kò gbọdọ̀ gba iwájú ojúde San Marco kọjá ní Venice mọ́. Ní Gíríìsì, ojú omi kan wà ní Kọ́ríńtì tí wọ́n gbẹ́ láàárín òkúta, fífẹ̀ rẹ̀ níbi tó há jù kò ju bíi mítà 24 lọ. Ní oṣù kẹwàá 2019, Braemar, ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní 1993, tó fẹ̀ tó mítà 22 àtààbọ̀, gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ṣírò ìyókù tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò tó mítà kan. Èèyàn á dúró lórí ọkọ̀, á máa wò ó bíi pé òun lè na ọwọ́ kan ògiri òkúta. Òmìrán ò lè dán irú ẹ̀ wò láéláé.

Àǹfààní kejì ni pé wọ́n á mọ orúkọ yín. Bí ẹ bá ti sọ lọ́jọ́ kìíní pé ata ni ẹ fẹ́, tí ọmọ sì ti kọ ọ́ ránṣẹ́ ṣáájú, alásè tó ń dáná fún èèyàn 100 lè rántí. Èyí tó ń dáná fún 5,000, níbo ló ti fẹ́ rántí? Ẹ má retí ẹ̀bà o. Àmọ́ kí ọmọ bèèrè ṣáájú bóyá wọ́n gbà kí ẹ di ata gígún díẹ̀ dání fún ẹnu yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti òdìkejì, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ kì í sọ. Omi kò mọ olówó. Bí ìgbì bá dìde, ọkọ̀ kékeré máa ń mì ju ńlá lọ. Wọ́n ní apá irin tí wọ́n ń nà sí abẹ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó má baà máa fì sọ́tùn-ún sósì. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè dí i lọ́wọ́ kó máa lọ sókè sódò bí ẹni gun kẹ̀kẹ́ lójú gálọ́pù. Ìyá tí èébì ń gbé nínú mọ́tò Ìbàdàn sí Èkó, kó ronú. Bó bá ṣì máa lọ, kí wọ́n gba yàrá tó wà láàárín ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ fún un, ibẹ̀ ni kì í mì jù. Kí wọ́n sì mú àkókò tí òkun rọ̀: lápá Mẹditaréníà, oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án sàn ju ìgbà òtútù lọ. Lápá Káríbíánì, oṣù kẹfà sí ìkọkànlá ni ìjì ńlá ń jà.

Yàrá inú ọkọ̀ àgbà tún yàtọ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ló ní fàráńdà fún yàrá púpọ̀. SeaDream I kò ní fàráńdà sí yàrá kankan, àwọn tó wà nísàlẹ̀ jù, ojú fèrèsé roboto kékeré ni tiwọn. Ẹni tí atẹ́gùn kì í tó, kó má fi owó ńlá há ara ẹ̀ mọ́ yàrá.

Orúnkún wá ni ọ̀rọ̀ tó ká wa lára jù, torí àwa náà ti ń dàgbà, ìjókòó ìsọ̀ sì ti ṣe orúnkún ọ̀pọ̀ nínú wa léṣe. Níbi tí èbúté kò bá jìn tó, ọkọ̀ á dúró sí ojú agbami, wọ́n á fi ọkọ̀ pẹ́pẹ́ kó èrò lọ sí etídò. Ìyá á sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, á gbẹ́sẹ̀ láti ibi tó dúró sínú èyí tó ń jó lórí omi. Àwọn òṣìṣẹ́ á di ọwọ́ ẹ̀ mú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa gbé e. Kí ọmọ bèèrè pé nínú gbogbo ìlú tí wọ́n fẹ́ yà, mélòó ni wọ́n ti máa gúnlẹ̀ tààrà, mélòó ni ti ọkọ̀ pẹ́pẹ́. Kó tún bèèrè bóyá ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè dé gbogbo àjà, torí nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń gùn dé àjà tó kẹ́yìn. Ìyá tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ pẹ́pẹ́ ni gbogbo ìlú, tí kò sì lè sọ̀ kalẹ̀, inú yàrá ló máa wà tí àwọn yòókù á fi lọ wo ìlú dé. Ẹ̀wọ̀n olówó gọbọi nìyẹn.

Ẹ tún bi ara yín ta ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ kékeré olówó, àgbà òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú níbẹ̀: wọ́n á jẹun, wọ́n á mu ọtí díẹ̀, wọ́n á lọ sùn. Ìyá tí kò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, tí ariwo ọjà sì ti wọ̀ lára, ọjọ́ kẹta ni ìdákẹ́jẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ sí í pa á bí ebi. Àmọ́ bí ọmọ 2 tàbí 3 bá wà pẹ̀lú ẹ̀, ìyẹn ti yàtọ̀. Lójú tiwa, kí ìyá má dá nìkan lọ. Ti owó náà tún wà ńbẹ̀: iye tí wọ́n ń kọ sínú ìwé jẹ́ ti ẹnì kan nínú yàrá èèyàn méjì. Ẹni tó bá dá sun yàrá lè san tó ìlọ́po méjì.

OWÓ LỌ́WỌ́ TA NI?

Ọkọ̀ Crystal Symphony, tí wọ́n kàn ní 1995, jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́lá tó lórúkọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ó ń padà bọ̀ ní Miami pẹ̀lú èrò nínú. Ilé iṣẹ́ tó ń ta epo fún un ti gbé ọ̀ràn lọ sí kóòtù ní Amẹ́ríkà nítorí gbèsè epo tó lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là, adájọ́ sì ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n mú ọkọ̀ náà. Wọ́n ń mú ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn, ẹ̀yin ìyá wa. Ni ọkọ̀ bá yà lọ́nà, ó lọ dúró sí Bimini ní ilẹ̀ Bahamas níbi tí ìwé Amẹ́ríkà yẹn kò ti ní agbára. Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi kó èrò padà sí Florida. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ni ín, Genting Hong Kong, ti wó lulẹ̀ ní oṣù yẹn kan náà.

Ọkọ̀ náà kò ní àrùn kankan lára. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ rẹ̀ dáa, àwọn oníbàárà ń yìn ín. Gbèsè ló dá a dúró. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kàn pàdánù ìrọ̀rùn ni. Àwọn tó ti sanwó fún ìrìn-àjò tí kò tíì tó àkókò ni wàhálà dé bá jù, wọ́n di ẹni tó ń sá kiri wá owó ara wọn. Olówó mìíràn ra ọkọ̀ náà ní 2022, ó tún un ṣe, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2023.

Ẹni tó ti dá àjọ lọ́dọ̀ aláàjọ tó sá lọ rí kò nílò kí a ṣàlàyé jù. Owó tí ẹ san lónìí fún nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ yá wọn. Kí ọmọ tó wà ní Britain fi káàdì ìyáwó ti báńkì san án, kó má fi owó ránṣẹ́ tààrà. Òfin kan wà níbẹ̀ láti 1974, Consumer Credit Act, tó ní bí ọjà tí iye rẹ̀ ju 100 pọ́n-ùn lọ, tí kò sì ju 30,000 lọ, bá bàjẹ́ mọ́ oníṣòwò lọ́wọ́, ẹni tó ni káàdì lè béèrè owó ẹ̀ lọ́wọ́ báńkì náà. Bí bàálù bá wà nínú ohun tí wọ́n rà pọ̀, kó bèèrè ìwé ATOL. Ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn ọkọ̀ tó ń gbé èrò láti èbúté wọn fi owó ìdúró sílẹ̀ tí wọ́n á fi san gbèsè èrò bí ìrìn-àjò bá kùnà. Ní tilé wa níbí, bí ejẹ́ńtì kan bá fi WhatsApp kàn sí ìyá pé kó san owó ọkọ̀ sínú àkáǹtì orúkọ ara òun, kí ìyá pa fóònù náà.

FÍSÀ ÀTI ỌJỌ́ TÍ OWÓ MÁA PÉ

Ibí ni wàhálà àwọn ìyá wa wà gan-an. Ọmọ ti gba ìwé ọmọ ìlú Britain tàbí Amẹ́ríkà, kò rántí físà mọ́. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ìyá mú dání. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Gíríìsì, tó yà ní Tọ́kì, tó tún padà sí Gíríìsì, físà Schengen tó gba ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò tó o. Bó bá ti jáde lọ sí Tọ́kì, ó ti tán. Èyí tó gba ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà ni kó béèrè, kó sì wádìí bóyá ó nílò ti Tọ́kì lọ́tọ̀. Bákan náà ni ọkọ̀ tó bá ti Miami lọ sí Bahamas tó tún padà sí Miami: físà Amẹ́ríkà tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọkọ̀ kò ní jẹ́ kó wọlé bí ìwé ò bá pé, wọn kì í sì dá owó padà nítorí físà.

Ẹ wá wo bí ọjọ́ ṣe ń kọlu ara wọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń béèrè gbogbo owó tó kù ní nǹkan bí oṣù 3 sí 4 ṣáájú ìrìn-àjò, láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ẹ bá ní ẹ ò lọ mọ́, owó ti ń jẹ́ ẹ, bó sì ṣe ń sún mọ́ ni èyí tí wọ́n ń dá dúró ń pọ̀ sí i. Físà Schengen, oṣù 6 ṣáájú ni wọ́n gbà kéèyàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; ìdáhùn máa ń gba ọjọ́ 15, ó sì lè tó 45, ká má tíì sọ ti ìlà tí ẹ máa tò láti rí ọjọ́ ìfìwéránṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró títí di oṣù 3 kó tó wá físà, ó ti san owó tán kó tó mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kó lọ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí oṣù 6 bá pé gan-an. Owó àsansílẹ̀ nìkan ló yẹ kó wà nínú ewu kí físà tó jáde, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní gbogbo owó ni àwọn fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìyá tí kò tíì ní físà fi ìyẹn sílẹ̀, bó ti wù kí wọ́n dín owó ẹ̀ kù tó.

Ìnṣọ́ráǹsì náà kò ṣeé fò. Schengen fúnra wọn ní kó tó 30,000 yúrò fún ti ìlera. Lórí ọkọ̀ kékeré, dókítà máa ń wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ìwòsàn, owó sì ni wọ́n ń gbà. Bí àìsàn bá le, wọ́n lè fi hẹlikópútà gbé èèyàn lọ sórí ilẹ̀, owó ìyẹn lè gbé ìsọ̀ méjì lọ. Bí ìyá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, kó sọ ọ́ nígbà tó bá ń ra ìnṣọ́ráǹsì. Àwọn kan ń fi pamọ́ kí owó má baà lọ sókè. Ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ ni wọ́n á sọ fún wọn pé àdéhùn ti bàjẹ́. Oògùn tó máa tó o lọ tó máa tó o bọ̀, nínú báàgì ọwọ́ ni kó wà, pẹ̀lú ìwé dókítà.

Bí ẹ bá bi wá, èwo la fọwọ́ sí? Ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e, tí ọmọ wà pẹ̀lú ẹ̀, tí ọkọ̀ náà ti rí àtúnṣe egungun láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí kò sí gbèsè lọ́rùn ẹni tó ni ín, kó lọ. Ó sàn fún un ju òmìrán tó kún fọ́fọ́ lọ, ọjọ́ orí ọkọ̀ náà kì í ṣe ìjà. Ìyá tí orúnkún ń dùn, tí kò tíì wọ bàálù rí, tí wọ́n fẹ́ fi owó àjọ rẹ̀ kún un, kí àwọn ọmọ wá kí i nílé. Kí wọ́n pa màlúù. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ló pọ̀ jù, ìyẹn ni a ṣe kọ gbogbo èyí.

Ẹni tí owó àsansílẹ̀ rẹ̀ bá ti wà lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀, kó bèèrè ọjọ́ tí owó ìparí máa pé lọ́wọ́ ọmọ lálẹ́ òní. Kí ó ní kí wọ́n tẹ ìwé àdéhùn náà jáde, kó sì mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé, pàápàá ojú ewé tí wọ́n kọ wínníwínní sí níparí. A ti bá àwọn ọmọ tó mọ̀wé sọ ọ́, wọ́n á kà á fún un ní Yorùbá láìgba kọ́bọ̀.